Omi Nìkan Ló Ń Gbé Ibẹ̀

Kò sí ohun tó ń yí, tó ń ṣàn tàbí tó ń dún tí Púlọ́ńbà kì í fẹ́ mọ inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ọmọ yìí tú aago ara ògiri kó tó mọ aago kà, ó sì tún un tò kó tó mọ̀ ọ́n kà náà. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ẹ̀rọ omi ilé wọn ń jò. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan, ọkùnrin náà ní òun ti wà lọ́nà, ọ̀nà náà ló sì wà títí dòní. Ọmọ náà mú irin tó rí, ó tú ẹnu ẹ̀rọ, ó bá rọ́bà róbótó kan níbẹ̀ tó ti jẹrà. Ó gé irú rẹ̀ lára sílípáàsì àtijọ́, ó fi í sípò, omi dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di púlọ́ńbà. Ní báyìí ó ti lé lógójì ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbé orúkọ rẹ̀ mì: Púlọ́ńbà làwọn àgbà ń pè é, Àǹtí Púlọ́ńbà làwọn ọmọdé ń pè é, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní “ìwọ ọmọ yìí”.

Òun àti ìyá yìí ló jọ ń gbé yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé àtijọ́ kan, àwọn ẹbí mìíràn sì wà lókè wọn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orúnkún ìyá ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Lọ́dún tí à ń wí yìí ni wọ́n ta ilé náà mọ́ wọn lórí. Onílé tuntun ò yọjú. Ó rán ẹnìkan tó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà pé kí olúkúlùkù kó ẹrù rẹ̀ kí ọdún tó parí, ó ní wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ èyí tó gbayì síbẹ̀.

Púlọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Èyí tí owó rẹ̀ ká, orúnkún ìyá ò lè gùn ún. Èyí tí orúnkún ìyá lè wọ̀, owó rẹ̀ ti gun òrùlé. Àwọn kan ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ẹni tó ní owó ọdún méjì nílẹ̀ á tún máa wá yàrá kiri nínú oòrùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ránṣẹ́ láti ìlú tó ń gbé pé kí wọ́n mú Màmá wá. Àmọ́ inú yàrá kan ṣoṣo lòun, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí, àyè ẹnìkan péré ló sì kù níbẹ̀. Èyí ló ń dun Púlọ́ńbà jù. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ ò sun ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Bí wọn ò bá rí ilé, ìyá á lọ, òun á kù.

“Èmi kì í ṣe àpótí,” ìyá rẹ̀ wí, “tí wọ́n á máa gbé láti yàrá ẹnìkan sí ti ẹlòmíràn. Wá ilé sí i.”

Inú ìwákiri yìí ló wà tí iṣẹ́ kan fi yọ. Ilé gogoro kan wà, alájà mẹ́rìnlá, gíláàsì ló pọ̀ jù lára rẹ̀, tí wọn ò tíì kọ́ pẹ́. Máníjà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán, tó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé Púlọ́ńbà lọ́wọ́, ó ní kó máa wọ àwọn fúláàtì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ṣí ẹ̀rọ omi inú wọn, kó jẹ́ kí omi ṣàn, kó tì wọ́n, kó jáde.

Púlọ́ńbà gbà lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé òun mọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Lábẹ́ gbogbo síńkì, páìpù kan máa ń tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Omi díẹ̀ á dúró síbi tó tẹ̀ yẹn. Omi yẹn ni ilẹ̀kùn. Bí òórùn bá gòkè wá láti inú kòtò ìdọ̀tí, á bá omi lójú ọ̀nà, á sì padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí kì í dípẹtà, tó ń ṣí fún ohun tó ń lọ, tó sì ń tì mọ́ ohun tó ń bọ̀! Ẹni tó kọ́kọ́ rò ó kò jẹ́ mọ iye imú tó gbà là. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá lo síńkì náà fún ìgbà pípẹ́, omi á fà, òórùn á sì wọlé bí àlejò tí wọn ò pè. Nítorí náà, nígbà tí máníjà ní kó máa ṣí ẹ̀rọ, ó rò pé ẹni tó gbọ́n nìyí, ó ń tọ́jú ọrùn páìpù.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣílẹ̀kùn fúláàtì kan ní àjà keje, ó sì kí pé, “Ẹ kúulé o,” gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ lọ, ó kan ògiri, ó padà wá bá a. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga ṣì wà lára wọn. Bébà tí wọ́n fi di iná ìdáná láti ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí àmì ọwọ́ lára ògiri, kò sí ìṣó, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì ti ha ilẹ̀. Ó wọ èkejì, bákan náà. Ó wọ ẹ̀kẹta, bákan náà. Ó wò ó pé ilé púpọ̀ lòun ti wọ̀ rí tí kò ní omi, àmọ́ òun ò tíì rí irú èyí, tó ní omi tí kò ní ènìyàn.

Ohun kan wá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Máníjà ò jẹ́ kó ṣí omi díẹ̀. Ó ní kí omi balùwẹ̀ ṣàn tó èyí tí gbogbo ilé á fi wẹ̀, kí ti ìdáná ṣàn tó èyí tí wọ́n á fi fọ abọ́ àti ìkòkò. Púlọ́ńbà ṣàlàyé fún un pé ife omi kan ti tó fún ọrùn páìpù. Máníjà ní kó sáà ṣe é bí òun ṣe wí. Ó ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há a lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, máníjà tú u fún un nínú lífíìtì.

Òfin ló fà á. Ìjọba rí i pé ilé pọ̀ nílùú, ẹni tí kò nílé náà sì pọ̀, ni wọ́n bá ṣòfin pé ilé tó bá ṣófo fún ọdún kan á san owó orí tó gbóná. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó ṣófo? Wọn ò lè máa yọjú wo fèrèsé gbogbo ìlú. Mítà omi ni wọ́n ń wò. Ènìyàn lè gbé nínú òkùnkùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbé láìlo omi. Mítà ni ẹlẹ́rìí wọn.

“Ṣé èmi wá ni…?” Púlọ́ńbà ò parí ọ̀rọ̀ náà.

“Ẹ̀yin ni ayálégbé wa, Àǹtí mi,” máníjà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Gbogbo wọn pátá.”

Púlọ́ńbà náà rẹ́rìn-ín, torí ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ìgbà tó délé ló wá rí i pé ìdáhùn náà ti bí ìbéèrè mìíràn. Kí ló máa mú ènìyàn ra ilé tí kò ní gbé, tí kò sì ní fi rẹ́ǹtì? Ó tún bi máníjà, máníjà ò sì rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ó ní àwọn tó ni ilé wọ̀nyí wà lọ́nà jíjìn, àwọn míì ò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Bí wúrà inú àpótí ló rí lójú wọn. Lọ́dọọdún ló ń gbówó lórí, ìdúró lásán ló sì ń dúró. Ayálégbé á kan ìṣó mọ́ ògiri, á ní ọmọ tó ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán, kò sì ní fẹ́ jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí, bí aṣọ tí wọn ò tíì wọ̀ ni. Ó ní onílé àjà keje yẹn dára jù nínú wọn: gbogbo rẹ̀ ló fi lé òun lọ́wọ́, bó wu òun kí òun fi rẹ́ǹtì, bó wu òun kí òun tì í pa, kí ìyọnu àti owó orí má ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Púlọ́ńbà ń rò ó kiri. Ọ̀nà tó mọ̀ ni pé kó fi ohun tí kò yé e wé páìpù. Bí táǹkì ńlá bá wà lókè, tó kún, tí wọ́n sì ti ẹnu rẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ á máa yí ẹ̀rọ títí ọwọ́ á fi bó, bẹ́ẹ̀ omi wà nílùú. Ó rò pé òun ti mú un. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ níbi tí ìyá ti ń fọwọ́ ra ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

“Omi inú táǹkì kì í gbówó lórí bó bá ṣe ń pẹ́ sí i,” ìyá rẹ̀ wí. “Ó máa ń rà ni.”

Òtítọ́ ni. Àfiwé náà ń jò níbẹ̀ yẹn, àfi kó wá nǹkan dí i. Ó padà lọ bá máníjà, ó ní bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn gbogbo ilé bí irú èyí fún ayálégbé lọ́jọ́ kan ńkọ́? Máníjà ní owó ilé á wálẹ̀ nígboro, owó tí ilé fúnra rẹ̀ tó á sì tẹ̀ lé e. “Ta ló wá máa kọ́kọ́ gbà kí tiẹ̀ wálẹ̀, Àǹtí mi?”

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn yàrá wọ̀nyí wà lára ohun tó gbé owó yàrá yòókù sókè. Ibi tó ti ń rí owó tó fẹ́ fi gba ilé ló tún ń mú kí ilé wọ́n. Kò bínú tán. Ó dà bí ìgbà tó bá wá orísun omi tó ń tutù lára ògiri fún ọjọ́ púpọ̀, tó wá rí i. Inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn kó tó rántí pé ẹnìkan á ní láti fọ́ ògiri náà.

Ó kúkú béèrè bóyá òun àti ìyá òun lè gba ọ̀kan. Máníjà dárúkọ owó rẹ̀ fún un, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Bí ẹ bá san án, Àǹtí, kí lẹ máa jẹ?”

Kò pẹ́ sígbà náà ni onílé tuntun rán àwọn òṣìṣẹ́ wá sí ilé wọn, tí wọ́n hú páìpù tó ń gbé omi wọlé láti ìgboro, tí wọ́n sì gbé e lọ. Púlọ́ńbà dúró wo kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀. Kò sí páìpù tí kò lè tún ṣe, àyàfi èyí tí kò sí níbẹ̀. Ẹbí méjì kó jáde lọ́sẹ̀ náà. Àwọn tó kù ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì, ìyá sì ń fi ife wẹ̀ bí ẹyẹ.

Ojú Púlọ́ńbà ò gbà á. Òun tó ń da omi nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ilé gogoro, ṣé ìyá òun ló yẹ kó máa fi ife wẹ̀? Omi náà á sáà ṣàn. Mítà ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó ń wẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ìyá lọ́wọ́, wọ́n wọ lífíìtì.

“Ilé tó ń gbé àgbàlagbà pọ̀n,” ìyá wí bí ilẹ̀ ṣe ń sá lábẹ́ rẹ̀. “Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀?”

Ní àjà keje, Púlọ́ńbà ṣí omi gbígbóná fún un. Ìyá pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti fọ ìró rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sá a sórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọrí síta, torí a kì í fi omi púpọ̀ wẹ ara nìkan. Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà. Ìyá gbé kànrìnkàn tirẹ̀ wá, ó gbé ìgbálẹ̀ wá, torí ó ní eruku tí kò lẹ́nìkan tó ń gbá a ń ba òun nínú jẹ́. Ó bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga kan ṣoṣo, èyí tó kọjú sí fèrèsé, ó ní òun ò lè jókòó lórí ohun tó ń ké. Bí orúnkún bá ń dùn ún, wọ́n á lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, ó lè wẹ̀ kíákíá kó sì sùn lórí àga náà.

Ní àwọn fúláàtì yòókù, Púlọ́ńbà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó ń wo aago, omi tó fún tibí náà ló ń fún tọ̀hún. Kì í ṣojúsàájú. Àṣìṣe rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹnìkan tó ń wo mítà ní ọ́fíìsì ìjọba ṣàkíyèsí pé nínú ilé gogoro kan, gbogbo ẹbí ń lo iye omi kan náà. Wọn kì í rìnrìn àjò. Wọn kì í ṣàìsàn. Àlejò kan ò sùn sí wọn lọ́rùn rí. Fúláàtì kan ṣoṣo ní àjà keje ló ń ṣe bí ènìyàn, tó ń lo púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tó ń lo díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin alábẹ̀wò tí wọ́n rán wá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ẹni tó yàtọ̀ yẹn, kí òun tó wá wo àwọn tó jọra.

Máníjà tẹ̀ lé e gòkè, ó ń làágùn nínú táì rẹ̀. Alábẹ̀wò ti sọ fún un nísàlẹ̀ pé fúláàtì tí àwọn bá bá tó ń lo omi láìlénìyàn, á san owó orí ọdún tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ti ìsinsìnyí, pẹ̀lú ìtanràn. Máníjà ti múra irọ́ rẹ̀ sílẹ̀: àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rìnrìn àjò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Alábẹ̀wò ò wọlé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kúulé o.”

Láti orí àga tó kọjú sí fèrèsé, ohùn kan dáhùn. “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ló ń kí ni kúulé. Ẹni tó nilé lẹ́sẹ̀ ló ń ní ẹ káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a bá a nínú ọmú ni. Ìyá ò rò ó kó tó sọ ọ́. Ìkíni bọ́ sílẹ̀, ó sì ṣà á, torí àgbà kì í fi ìkíni sílẹ̀ kó máa yí nílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde, ó ti fìdí ìyá kalẹ̀ sínú ilé náà ju bí àga ṣe fìdí rẹ̀ kalẹ̀ lọ.

Alábẹ̀wò wọlé. Ó wo ìró tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí irin, ó wo ìgbálẹ̀, ó wo sílípáàsì tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Máníjà dúró bí ẹni tó rí òkú tó ń kí òun.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gbé ibí?” alábẹ̀wò béèrè.

Ìyá la ẹnu. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń ti ìdáná bọ̀, sípánà lọ́wọ́, ó sì pa ẹnu náà dé.

Púlọ́ńbà wo gbogbo wọn. Bí ìyá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, omi ìwẹ̀ ti lọ, bóyá ọlọ́pàá á sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohun tó gbà á lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ náà, bí ẹni tó bá oríkèé páìpù tí kò rí irú rẹ̀ rí, ni bí òfin náà ṣe so pọ̀.

“Ẹ má bínú, mà,” ó wí. “Kí ni òfin ń pè ní gbígbé gan-an?”

Ojú alábẹ̀wò là. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó máa ń bi í. Ó fara balẹ̀, ó ní ẹni tó ń wẹ̀ níbẹ̀, tó ń fọṣọ níbẹ̀, tí ohun ìní rẹ̀ wà níbẹ̀, tí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ sì jẹ́wọ́ lójú àwọn pé ó ń gbé ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Púlọ́ńbà ní, bó bá wá pé ńkọ́? Alábẹ̀wò ní bó bá ti pé, ẹnikẹ́ni ò lè lé e láìfún un ní àkókò ọdún kan, wọn ò sì lè ṣàdédé fi owó kún owó ilé rẹ̀. Apá yẹn ni òfin fi dáàbò bo ayálégbé. Ó ní àwọn ènìyàn kì í kà á dé ibẹ̀.

Púlọ́ńbà dúpẹ́. Ó yíjú sí máníjà, kò gbé ohùn sókè.

“Ti ìwẹ̀ wà, ti aṣọ wà, ẹrù wa nìyí. Ọ̀kan tó kù wà lẹ́nu yín, sà. Ṣé à ń gbé ibí, àbí a ò gbé ibí?”

Máníjà wo ìró orí irin. Ètè rẹ̀ ń mì. Ìṣirò ló ń ṣe.

“Wọ́n ń gbé ibí,” ó wí níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀.

Alábẹ̀wò béèrè iye tí wọ́n ń san. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ìyá ti dá a lóhùn pé owó tí àwọn ń san fún ilé ò ju báyìí báyìí lọ, ó sì dárúkọ owó yàrá méjì wọn nílé àtijọ́, láì fi kọ́bọ̀ kan parọ́. Ìpéǹpéjú alábẹ̀wò gbéra. Ó wo máníjà. Máníjà mi orí bí ẹni tí ẹlòmíràn ń bá mi í, ó ní, “Ìyá wa ni.” Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun á padà wá wo àwọn fúláàtì yòókù láìpẹ́, ó sì kí ìyá pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí lífíìtì ti gbé e lọ, máníjà jókòó sórí ọ̀rá, ó tú táì rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ ti pa mí.”

“Èmi kọ́. Ìyá mi ló kí àlejò.”

Máníjà gbìyànjú láti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní ọ̀rọ̀ etí ìjọba nìyẹn, àwọn méjèèjì sáà mọ bó ṣe jẹ́. Púlọ́ńbà ò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé bí obìnrin yẹn bá padà wá tó kí ẹ kúulé, ta ló máa dá a lóhùn? Máníjà mú fóònù rẹ̀, ó tẹ iye owó sí i, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Owó orí ilé òfìfo lápá kan. Owó ilé tí ìyá dárúkọ lápá kejì. Kò pẹ́ tó fi fóònù náà sílẹ̀. Kò wí pé àánú wọn ṣe òun, inú Púlọ́ńbà sì dùn sí i. Àánú lè gbẹ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ìṣirò tó bá bára mu á ṣì bára mu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Máníjà ní òun fara mọ́ ọn, àmọ́ òun ò lè ṣàìsọ fún onílé lọ́nà jíjìn tó wà. Bó bá bínú, ó lè ní kí ọdún kan tí òfin fún wọn láti fi kó jáde bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà wọ́n kó wọlé láìmọ̀ bóyá wọ́n ń kó wọlé ni tàbí wọ́n ń kọjá lọ. Káfíńtà tó jẹ́ aládùúgbò wọn nílé àtijọ́ ló bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá. Nínú ọ̀nà ọlọ́gbọọrọ ní àjà keje, ó ń wo ilẹ̀kùn tó tò lọ rẹrẹ.

“Àwọn wo ló wà nínú ìwọ̀nyí?”

“Omi,” Púlọ́ńbà wí.

Ó ṣàlàyé fún un, káfíńtà sì jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó yé e, ó ní ṣé máníjà náà ò wá ẹni tí á wà nínú wọn kí alábẹ̀wò tó padà dé? Púlọ́ńbà ní kó lọ bi í, kó sì lọ lónìí, nígbà tí ìṣirò ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i. Àwọn onílé kan ní àwọn á kúkú san owó orí náà, kí ilé àwọn wà ní títì. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ sọ́jà. Àmọ́ ìdílé káfíńtà wọ àjà kẹrin, aránṣọ kan sì wọ ẹ̀gbẹ́ wọn, gbogbo wọn ò sì tíì gbọ́ ìdáhùn onílé tiwọn, bí Púlọ́ńbà ò ṣe tíì gbọ́ tirẹ̀.

Púlọ́ńbà ń ronú nípa ọkùnrin tó ni fúláàtì wọn ju bó ṣe rò lọ. Irú ènìyàn wo ló ní yàrá tí kò mọ òórùn rẹ̀? Ṣé ó níyàá? Ṣé òun náà ń san owó ilé fún ẹlòmíràn níbi tó wà? Ìyá ní kó yé wá ohun tí kò sọnù, àmọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán. Àpótí rẹ̀ ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí àbúrò bá pè, á ní kó dúró ná, òun ò tíì mọ apá ibi tí òun ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Máníjà ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lò ó. Ó kí wọn kúulé, wọ́n kí i káàbọ̀, ó jókòó sórí àga tí wọ́n ti bọ́ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Ó ní onílé dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà onílé ní owó tí ilé tó ò fi bẹ́ẹ̀ gbéra lọ́dún yìí níbikíbi, ayálégbé tí kò jẹ́ kí owó orí dé ọ̀dọ̀ òun kò sì pa òun lára. Kí wọ́n máa gbé ibẹ̀.

Púlọ́ńbà jókòó. Ìyá wọ yàrá, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbọ́ ọ tó kan ògiri.

“Ohun kan ló tún béèrè,” máníjà wí, ojú ń tì í díẹ̀. “Ó ní àwòrán lòun wò tí òun fi ra ilé náà. Ó fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn ń rí lójú fèrèsé.”

Púlọ́ńbà dìde lọ síbi fèrèsé, torí òun náà ò tíì wò ó bí ẹni tó fẹ́ ròyìn. Òrùlé ló pọ̀ jù, onírúurú, àwọn míì tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé wọn. Ọgbà ilé ìwé kan wà tí àwọn ọmọ ń sáré yípo nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó ń yí táyà rẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, ibi tí ilé wọn àtijọ́ wà, wọ́n ti wó ògiri iwájú, ó sì rí àwọ̀ yàrá tí òun ti ń sùn láti ọdún wọ̀nyí wá, tó ń wo ìta láìní bàǹtẹ́. Ó ń wá bí òun ṣe máa sọ gbogbo èyí fún ọkùnrin tí kò mọ̀ rí.

Ìyá jáde láti yàrá, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

“Sọ fún un pé kó máa bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wò ó,” ó wí fún máníjà. “Àmọ́ kó ránṣẹ́ kó tó dé, ọmọ mi. Ẹnìkan kì í ṣàdédé já wọ ilé onílé.”